Obìnrin Tó Fi Àga Dílẹ̀kùn

Ìlà méjì ló wà lára pákó ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì funfun bí ibi tí ológbò ti fi èékánná họ nǹkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fèrèsé, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kọjá, wọ́n wá parí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bogna Sikora, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀kan nínú wọn títí dé òpin rẹ̀. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà, ó yí i wò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àga náà méjèèjì ti họ, ọ̀dà sì ti bó lórí ibi tí èèyàn ń fẹ̀yìn tì, níbi tó ṣe déédéé ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ó gbé àga sílẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ nínú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́kọ́rọ́ náà kò há, kò sì yọ̀. Ilẹ̀kùn gidi ni.

"Àwọn tó ń dá rìnrìn àjò máa ń bẹ̀rù ju bó ṣe yẹ lọ," Hallgrímur wí láti ẹnu ọ̀nà.

Òun ló ni ilé àlejò náà. Ó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Òun náà ni olórí ẹgbẹ́ olùdóòlà ní ìlú Kópseyri, àwọn tó máa ń wá ẹni tó bá sọnù lórí òkè tàbí lójú òkun. Aṣọ pupa ẹgbẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ẹrẹ̀ ṣì wà lára bàtà rẹ̀ nítorí pé orí ọ̀dàn ìhà àríwá ni wọ́n ti ń wá ọmọbìnrin tó sùn sí yàrá yìí láti àná. Ó ní lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà bi òun léèrè nípa àwọn ọkùnrin Pólándì tó ń gbé ní ilé etí èbúté, bóyá wọ́n máa ń mutí. Òun ní kó fọkàn balẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní bóyá kò yẹ kí òun sọ bẹ́ẹ̀.

Bogna yíjú sí i. Hallgrímur yára fi kún un pé, "Mi ò ní ìwọ lọ́kàn o, Bogna. Ìwọ ti di tiwa."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Bogna nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un láti Pólándì wá sí Áísílándì, tí ìyá náà sì wá ń fi ọ̀bẹ la ikùn ẹja láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń sọ fún pé ó ti di tiwọn, wọn ò tíì gbàgbé ibi tó ti wá.

Femke ni orúkọ ẹni tó sọnù, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òun nìkan ló ń rìn. Ó dé Kópseyri lọ́jọ́ Ajé, bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e jáde kò sì ní wá títí di Ọjọ́rú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ó jáde. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àtẹ̀jíṣẹ́ kan dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Họ́láńdì pé òun ti rí àwọn ọkùnrin Pólándì kan tó fẹ́ gbé òun lọ sí ọ̀dàn ìhà àríwá. Àbúrò fèsì, kò rí ìdáhùn. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, ó pe ọlọ́pàá. Ọjọ́bọ̀ ló dé yìí.

Fóònù Bogna dún kó tó jáde nínú ilé náà. Ármann ni, ọ̀gá rẹ̀ ní oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá àgbègbè náà.

"Ẹlẹ́rìí wà," ni Ármann wí. "Àtẹ̀jíṣẹ́ wà. Wọ́n rí fìlà ọmọbìnrin náà nínú bọ́ọ̀sì Zenon, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Pólándì yẹn. Kí lo tún ń wá?"

"Ọmọbìnrin náà ni mò ń wá."

"Mú Zenon. Yóò sọ ibi tó wà."

"Tí kò bá mọ̀ ńkọ́? O ò ro ìyẹn?"

Ìwọ ni Bogna ń pe ọ̀gá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílẹ̀ yẹn. Ọmọ ọdún méje lè pe olórí ìjọba ní ìwọ, kò sì sí ẹni tí yóò gbá a létí. Ármann ní àwọn ará ìlú ti ń sọ pé Bogna ń bo àwọn èèyàn rẹ̀ láṣìírí. Títí di ìrọ̀lẹ́ lòun lè fún un. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun fúnra òun ló máa wá fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ Zenon.

Ṣọ́ọ̀bù Ólína ni Bogna kọ́kọ́ lọ. Ólína ni ẹlẹ́rìí náà, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì, ìṣó àti ẹja gbígbẹ lábẹ́ òrùlé kan. Kì í ṣe òpùrọ́, gbogbo ìlú ló mọ̀. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láìyẹ̀: ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun dúró sídìí fèrèsé yìí gan-an, òun sì rí ọmọbìnrin náà tó wọ bọ́ọ̀sì eléérú ti Zenon. Bogna béèrè irú irun tó ní. Ólína ní ó fi fìlà aṣọ òjò bo orí. Ó béèrè ojú rẹ̀. Ólína ní ẹ̀yìn lòun rí. Ó béèrè bóyá ó gbé ẹrù ìrìn àjò pọ̀n. Ólína ronú, ó ní rárá, ike oúnjẹ kékeré kan ló mú dání.

"Kí ló wá jẹ́ kó o mọ̀ pé òun ni?"

"Jákẹ́ẹ̀tì ìyeyè ló wọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì ìyeyè ló wọ̀ wá rajà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé."

Bogna yí sí fèrèsé. Òdìkejì ọ̀nà ni géètì ilé iṣẹ́ ẹja wà, àsìkò ìsinmi sì ti tó. Obìnrin mẹ́rin jáde wá, wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ń tanná sí sìgá. Aṣọ òjò ìyeyè ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, fìlà rẹ̀ wà lórí wọn.

"Ólína, èwo nínú wọn ni Femke?"

Ólína wò wọ́n, wọn ò kọjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń to búrẹ́dì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Bogna wá sọ fún un jẹ́ẹ́ pé ìyàwó Zenon ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé aago márùn-ún ló máa ń ṣíwọ́, pé ọkọ rẹ̀ ló sì ń wá gbé e lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn lójú fèrèsé yìí.

"Bọ́ọ̀sì yẹn ni mo rí," Ólína wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Mo rí bọ́ọ̀sì yẹn, ọkàn mi sì parí ìyókù fúnra rẹ̀."

Ṣùgbọ́n fìlà ṣì wà nílẹ̀. Zenon Gajda ti sọ fún ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ bi í pé òun ò fojú kan ọmọbìnrin náà rí. Wọ́n wá tú bọ́ọ̀sì rẹ̀, wọ́n bá fìlà onírun pupa tó ní orúkọ Femke nínú, lábẹ́ ìjókòó iwájú. Irọ́ gidi nìyẹn, Bogna kò sì fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ.

Ó bá Zenon nínú yàrá oúnjẹ ilé iṣẹ́ ẹja. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Zenon. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti wa èédú fún ogún ọdún ní Pólándì kó tó wá máa gbé ẹja, àwọ̀ èédú náà kò sì tíì tán ní ìdí èékánná rẹ̀. Èdè Pólándì ni Bogna fi bá a sọ̀rọ̀. Bó ṣe la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ló jáde. Ìyá rẹ̀ ì bá fi ọ̀bẹ ẹja lé e jáde tó bá gbọ́ pé ó pe àgbà ọkùnrin ní ìwọ.

"Ẹ̀gbọ́n Zenon, irọ́ tí ẹ pa ló fẹ́ kó bá yín, kì í ṣe fìlà."

Zenon ń wo ife tíì rẹ̀. Ó ní lọ́dún tó kọjá, òun rí obìnrin ará Jámánì kan tó ń dá rìn nínú òjò, òun gbé e. Pọ́ọ̀sì obìnrin náà sọnù. Kó tó di alẹ́, gbogbo Kópseyri ti ní ọmọ Pólándì ló jí i. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ti òun mọ́lé. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ nílé ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti wá rí pọ́ọ̀sì náà, níbi tí ẹni tó ni ín gbàgbé rẹ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó wá kan ilẹ̀kùn òun láti sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

"Nígbà tí mo rí ti Họ́láńdì yìí lọ́jọ́ Ajé ní oríta," ni Zenon ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "mo kọjá lára rẹ̀. Mo ní kò kàn mí. Òjò ń lù ú. Mo tún wá fi ẹ̀yìn wakọ̀ padà. Kó tó wọlé, ó ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ mi, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lójú mi. Ó ní kí n má bínú. Mo ní ọmọ mi, mi ò bínú, bẹ́ẹ̀ ni kó o máa ṣe. Ẹnu ọ̀nà Hallgrímur ni mo já a sílẹ̀ sí. Mi ò mọ̀ pé fìlà rẹ̀ já bọ́ sínú ọkọ̀."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"

"Mi ò rí i mọ́. Láàárọ̀ àná, èmi àti àwọn mẹ́fà lọ bá Hallgrímur pé a fẹ́ bá wọn wá a. Ó ní ká padà sílé, ká má baà ba ẹ̀rí jẹ́."

Bogna jáde lọ sí etí èbúté, ó pe Lotte, àbúrò Femke. Ohùn Lotte ti há, ó dà bíi pé kò tíì sùn láti ọjọ́ méjì. Ó ní òótọ́ ni, fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ eléérú kan dé lọ́jọ́ Ajé. Gbogbo ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n òun bá fẹ́ wọ̀ ló máa ń ya nọ́ńbà rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí ni Femke fi ń rìn. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kàn sí òun lójoojúmọ́, kì í sì í fi í pamọ́. Ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ fún onílé èyíkéyìí tó bá dé sí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun.

"Fọ́tò wo ló bá ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun wá?"

"Kì í ṣe ti nọ́ńbà. Èbúté ni. Ọkọ̀ ojú omi, àti àkàbà irin kan." Lotte fi kún un pé, "Nǹkan kan tún wà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ló pè mí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Bíi pé ó ń kọ̀wé sí ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti ìgbà tí mo ti dáyé kò pè mí ní ẹ̀yin rí."

Bogna ní kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́. Ó dé. Ó gbé e sókè, ó fi wé ibi tó dúró sí. Àkàbà irin kan náà nìyí, tó sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri èbúté. Nínú fọ́tò, omi òkun ti kún dé àtẹ̀gùn kẹta láti òkè. Ó rìn lọ síbi pátákó tí wọ́n máa ń kọ àsìkò omi sí fún àwọn apẹja, ó wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni òkun kún. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òkun ti fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ àkàbà náà nínú ẹrẹ̀ ni ì bá wà.

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lójú, Bogna kò kúrò. Ó ń tò ó lọ́kàn. Àárọ̀ ni Femke ya fọ́tò yẹn. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, fóònù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì mọ̀ pé àbúrò ń retí nǹkan ní aago mẹ́fà. Kò gbọ́ èdè Họ́láńdì, ẹ̀rọ ìtumọ̀ inú fóònù ló lò. Ẹ̀rọ yan ẹ̀yin fún un, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kó dààmú nípa rẹ̀, nítorí pé nínú èdè tirẹ̀, ìwọ ni gbogbo èèyàn. Ọmọ Pólándì ì bá ti bi ara rẹ̀ pé ta ló dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì. Tó bá fẹ́ purọ́ pàápàá, kò ní gbójú fo ìyẹn. Àti pé ọ̀daràn wo ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ ránṣẹ́?

Àga ló wá kù. Ta ló ń fi àga dí ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ tó dára? Ẹni tó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ onílé ni.

Ọwọ́ Bogna ti lọ sí fóònù láti pe Ármann kó tó dá a dúró. Tí wọ́n bá mú Hallgrímur báyìí, yóò pa ẹnu rẹ̀ dé, kò sì sí ohun tó lè fipá là á. Tí ọmọbìnrin náà bá ṣì ń mí níbì kan, òtútù oṣù kẹsàn-án kò ní dúró de agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí.

Kò sẹ́nì kan ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ olùdóòlà; gbogbo wọn ti padà sórí ọ̀dàn ìhà àríwá, Hallgrímur sì ti lọ bá wọn. Máàpù ńlá wà lára ògiri, wọ́n ti pín in sí ojú ìlà onígun mẹ́rin, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó wá ibẹ̀ sínú ìkọ̀ọ̀kan. Lókè rẹ̀ ni òfin ẹgbẹ́ wà, tí Hallgrímur fọwọ́ sí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wá ibì kan. Orúkọ méjì ló wà nínú ojú ìlà kọ̀ọ̀kan. Bogna ń fi ìka kà wọ́n títí tó fi dé ìhà gúúsù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí ọmọbìnrin náà. Krákugil ni ibẹ̀, àfonífojì tóóró kan tó jìn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àmì pé wọ́n ti wá a tán. Orúkọ Hallgrímur ni.

Tó bá pe ẹgbẹ́ olùdóòlà lórí rédíò, Hallgrímur yóò gbọ́. Ó sáré padà sílé iṣẹ́ ẹja.

"Ẹ̀gbọ́n Zenon, ṣé ẹ lè fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò?"

Zenon ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀. "Kí ni mo fi ogún ọdún ṣe?"

Bogna pe bàálù olùdóòlà láti olú ìlú, ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Lẹ́yìn náà, Zenon àti àwọn mẹ́fà náà gbé okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tẹ̀ lé e. Ọ̀nà Krákugil kò jìn, ìrìn wákàtí kan ni, ó sì rẹwà débi pé àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò níbẹ̀. Létí bèbè, Bogna rí ibi tí koríko ti já, tí òkúta ti yẹ̀. Ó dojúbolẹ̀, ó yọjú. Nísàlẹ̀, ògiri òkúta kan wà, àwókù ọgbà àgùntàn àtijọ́. Nǹkan ìyeyè kan wà ní kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ìdáhùn. Zenon so okùn mọ́ ìbàdí, ó sọ̀ kalẹ̀, òkúta ń já bọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú.

Bogna tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ Femke kan ti ṣẹ́, ètè rẹ̀ sì ti là. Ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé ìdí ògiri náà, omi odò tó ń ṣàn lórí òkúta ló ń mu. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ègé-ègé bí wọ́n ṣe ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ó ní lóru ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ti kọ́kọ́rọ́ òun jábọ́ láti ìta, ọwọ́ ilẹ̀kùn sì ń yí. Àga ló gba òun là. Láàárọ̀, ó sọ fún Hallgrímur pé bí òun bá ti kúrò níbí, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lòun ń lọ. Hallgrímur tẹ̀ lé òun dé orí òkè yìí, ó ń bẹ òun, ó di báàgì òun, tí fóònù wà nínú rẹ̀, mú. Òun fà á. Báàgì dúró lọ́wọ́ Hallgrímur, òun sì já sísàlẹ̀.

"Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti òkè," ni Femke wí. "Mi ò dáhùn. Nígbà tẹ́ ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé òun ló padà wá. Mo fẹ́ kó gbà pé mo ti kú."

Bàálù ti gbé Femke lọ sí ilé ìwòsàn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú nígbà tí àwọn olùdóòlà padà sí gbọ̀ngàn, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ń da kọfí sínú ife. Ólína wà níbẹ̀, ó gbé búrẹ́dì wá fún wọn. Ármann náà ti dé. Bogna wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó dúró síwájú máàpù.

"A ti rí Femke," ló wí.

Ife kan já bọ́. Ólína fọwọ́ bo ẹnu, ó ní ṣé ó wà láàyè? Ọkùnrin méjì bèèrè bẹ́ẹ̀ pa pọ̀, Ármann náà bèèrè. Láàárín wọn, ohùn rírọ̀ kan bèèrè tirẹ̀.

"Kí ló sọ?" ni Hallgrímur wí.

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì ni wọ́n ń yí ojú sí i. Ó wò wọ́n, ó wá rí ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó jókòó. Ármann ló fi ṣẹkẹṣẹkẹ náà sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tú ilé àlejò, inú ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ dì, lábẹ́ ẹran àgùntàn, ni wọ́n ti rí fóònù Femke.

Ní ọjọ́ kejì, Zenon wá sí ọ́fíìsì láti fọwọ́ sí ẹ̀rí rẹ̀. Ármann ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní wọ́n máa yọ ìlà tó sọ pé ó purọ́ ní àkọ́kọ́ kúrò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti parí dáadáa. Zenon kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wo Bogna. Bogna túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Zenon mi orí. Ó ní òun purọ́, kí wọ́n fi í síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀," ló wí fún Bogna. "Pọ́ọ̀sì yẹn, ọjọ́ méjì yẹn, gbogbo rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ ní èdè wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò rí ẹni bá òun kà á."

Bogna fa ìwé sún mọ́ra. Ó bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n mú un. Zenon sọ ọ́, ọjọ́, oṣù àti wákàtí, Bogna sì ń kọ.